Ìjókòó Oyin Láàrin Àwọn Akọrin

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkàn Àǹtí tó ń kọ́ kíláàsì kẹrin kò balẹ̀ rárá. Ó to ṣọ́ọ̀kì, ó tún un tò. Ó nu pátákó tó ti mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀. Alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló ń já a láyà o. Nítorí Oyin ni.

Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni Oyin, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àmọ́ ìṣirò kò wọ̀ ọ́ lórí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé bí ìṣirò bá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa ń kùn bí kòkòrò oyin. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé sì ti là á mọ́lẹ̀ fún Àǹtí: bí Oyin ò bá lè dáhùn ìbéèrè alábẹ̀wò, kíláàsì kejì ló ń padà lọ, níbi tí àbúrò rẹ̀ wà. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Kí ọmọ jókòó ti àbúrò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí àbúrò máa ṣí ìwé fún un? Àǹtí rò ó títí, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀.

Ó sì ti gbìyànjú o, kẹ́nikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọn. Ó lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà ìsinmi, wọ́n ní òye ọmọ kì í ṣe oríṣi kan: ẹlòmíì á fi etí gbọ́ ọ, ẹlòmíì á fi ojú rí i, ẹlòmíì sì rèé, àfi tó bá fọwọ́ kàn án. Orí Àǹtí wú. Bó ṣe dé ló pín kíláàsì rẹ̀ sí mẹ́ta: àwọn ayàwòrán lẹ́bàá fèrèsé, àwọn tó ń ká bébà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwọn akọrin níwájú gangan. Ó fi ìṣirò kọrin fún wọn. Ti Oyin ò tiẹ̀ gba ìrònú. Ọmọ tó ń kùn ṣáá, níbo ni ká tún gbé e sí bí kò ṣe láàrin akọrin? Ibẹ̀ ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ó ń kùn, inú Àǹtí sì ń dùn pé ó ń gbádùn ara rẹ̀. Máàkì rẹ̀ ò kúrò lójú kan.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá àgbà wọlé, ọkùnrin alábẹ̀wò tẹ̀lé e, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Àǹtí mú ṣọ́ọ̀kì. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ayàwòrán ya búrẹ́dì tí wọ́n pín, àwọn oníbébà ń ká bébà, àwọn akọrin gbé orin. Oyin ń kùn kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ó ti wọ̀ ọ́ lára," ni Àǹtí ń sọ nínú ara rẹ̀. "Á dáhùn lónìí."

Alábẹ̀wò nawọ́ sí i. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé Ọ̀gá àgbà ti fi ojú sọ fún un.

"Ìwọ ọmọ yìí, dìde. Ìdámẹ́ta àti ìdámẹ́rin, èwo ló tóbi jù?"

Oyin dìde. Ó ń kùn.

"Mo ní èwo ló tóbi jù?"

"Ìdámẹ́rin, sà."

Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà mi orí, ó wo Àǹtí bí ẹni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Oyin tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àǹtí sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa: ohun tí ọmọ yìí ń kùn kò jọ orin tí wọ́n ń kọ rárá.

"Oyin, kọ ọ́ lórin bá a ṣe máa ń kọ ọ́. Ṣebí o fẹ́ràn orin?"

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀, Àǹtí."

"Kí ló dé tó o wá ń kùn?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀. "Bí ẹ̀rù bá ń bà mí ni mo máa ń kùn."

Yéè! Àfi bí ẹni pé wọ́n da omi tútù lé Àǹtí lórí. Gbogbo táàmù! Gbogbo àárọ̀ tó fi ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀rù ọmọ ló ń gbọ́ tó ń pè é lórin. Ojú tì í gan-an. Òun tó ní òun ń wo ọmọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe rí, kò bi ọmọ léèrè rí.

"Níbo lo fẹ́ jókòó sí?"

Oyin nawọ́ sí tábìlì tí bébà wà.

"Tíṣà, kò sáyè ìyẹn," ni Ọ̀gá àgbà wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ dákun, díẹ̀ péré."

Alábẹ̀wò gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Oyin mú bébà méjì tó dọ́gba. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀, òun ló máa ń bá a ká aṣọ àwọn oníbàárà. Ó ká bébà kan sí mẹ́ta, etí rẹ̀ ṣe rẹ́gí. Ó ká èkejì sí mẹ́rin. Ó ya ọ̀kan lára eléyìí, ó ya ọ̀kan lára ìyẹn, ó gbé wọn léra. Ọmọ náà wò ó, ó tún wọn gbé léra. Kò kùn rárá.

"Ìdámẹ́ta ni, sà. Ẹ wò ó, ó yọ síta."

"Kí ló fà á?"

"Èèyàn mẹ́ta ló pín in. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ti kálukú á kéré."

Ọ̀gá àgbà gba bébà náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. "Kó ṣì máa jókòó síbí ná," ló wí, wọ́n sì jáde.

Àǹtí fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì Oyin lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wàyí. Kò balẹ̀. Ó yíjú sí àwọn akọrin tó kù níwájú, tí wọ́n kún bẹ́ǹṣì wọn fọ́fọ́, tí wọ́n ń wò ó.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló fẹ́ràn orin níbí? Ẹ má purọ́ fún mi o."

Wọ́n wo ara wọn. Ọwọ́ méjì péré ló gòkè.