Èsì Ọjọ́bọ̀ Wà Lórí Téèpù

Ọjọ́ méjì gbáko ni Rùkáyátù fi dúró lẹ́nu kántà tó ń tọrọ àforíjì. Oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni, ní iléeṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Ìkòsí, níbi tó ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá gba èsì, òun ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí i, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo sọ èsì yín nù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mìíràn gbà lára yín." Ìyá kan tí wọ́n ti gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó rí iṣan gbá a létí. Bàbá àgbà kan wò ó títí, ó pòṣé, ó ní irú wọn ló ń ba Nàìjíríà jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Dókítà Ọláìyá, obìnrin tó ni iléeṣẹ́ náà, ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Mummy, fún un níwèé pé kó máa lọ sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju báyìí lọ. Kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ń kó èsì sí bàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Rùkáyátù kò sí nítòsí. Ó ti gba àyè lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ṣakí. Nígbà tí wọ́n pè é lórí fóònù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lójoojúmọ́, kó tó lọ sílé, ló máa ń da èsì ọjọ́ náà kọ sórí téèpù, irú èyí tó jọ kásẹ́ẹ̀tì orin ṣùgbọ́n tó ki jù ú lọ. Ọjọ́ Ajé ló ṣáájú lórí rẹ̀, Ìṣẹ́gun tẹ̀ lé e, Ọjọ́rú tẹ̀ lé e, Ọjọ́bọ̀ ló kẹ́yìn.

Jeffrey, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, ló ní òun yóò kó èsì náà padà nígbà tí wọ́n tún kọ̀ǹpútà náà ṣe tán. Ọjọ́ Ajé nìkan ló rí. Ó tún un ṣe, Ọjọ́ Ajé náà ni. Ó bá lọ sọ́dọ̀ Mummy. "Mummy, nothing is there o. Ọjọ́ Ajé nìkan ni Rùkáyátù ṣiṣẹ́. Àwọn ọjọ́ yòókù, ó kàn ń jókòó lásán ni." Kí Rùkáyátù tó ti Ṣakí dé, ẹjọ́ ti parí. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan téèpù náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré.

"Ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan nǹkan kan mọ́ níbí," ni Mummy dá a lóhùn, ó sì ní kó lọ máa bẹ àwọn aláìsàn lẹ́nu kántà.

Rùkáyátù mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó ṣàlàyé. Téèpù kì í ṣe ìwé tí èèyàn lè ṣí sí ojú ewé tó bá wù ú; yíyí là ń yí i débi tí a ń lọ. Àṣẹ kan tó ń jẹ́ mt ni wọ́n máa ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti fi yí i. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni ẹ̀rọ téèpù náà ń jẹ́. Bí o bá pè é ní st0, gbàrà tí àṣẹ kan bá ti parí ni yóò ká ara rẹ̀ padà síbẹ̀rẹ̀. Bí o bá fi n kan ṣáájú, tó di nst0, ibi tó o bá yí i dé ni yóò dúró sí. Jeffrey kò fi n sí i. Bó ṣe ń yí téèpù dé Ọjọ́bọ̀ ni téèpù ń sáré padà sí Ọjọ́ Ajé, kò sì mọ̀. Ohun tí Rùkáyátù gbà gbọ́ nìyẹn, pé kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìbínú rẹ̀ fi ní ibi tó mọ. Òpè kò ṣe é bá jà dójú ikú.

Ọdún mẹ́rin kọjá. Wọ́n ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ kárí gbogbo iléeṣẹ́ àyẹ̀wò láti Kẹ́tu dé Òjòdú, bó bá ti mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dé ibì kan, wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ èsì àwọn ènìyàn nù?" Ó padà di ẹni tó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kẹ́tu. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kàmọ́rù, ló ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ létí odò. Kàmọ́rù ń ta irin àlòkù ní Owódé Onírin, òun náà ló sì pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2007.

"Rùká, sáré máa bọ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ àtijọ́ kó ẹrù wá tà fún wa."

Láàárín bónẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àti ìdí fíríìjì ló ti rí i, kọ̀ǹpútà ńlá náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ téèpù rẹ̀ lára. Páálí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tú u. Téèpù mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ìkọ̀wé ọwọ́ ara rẹ̀ sì wà lórí wọn, pẹ̀lú báírò aláwọ̀ ewé. Ó mú èyí tí ó kọ ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá sí lára. Ó jókòó sórí rímù ọkọ̀.

Kàmọ́rù tan jẹnẹrétọ̀ fún un. Kọ̀ǹpútà náà jí, ó ń kùn bí oyin. Wọn kò tilẹ̀ nu ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Rùkáyátù mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé bí èèyàn kò bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì gba ibẹ̀ wọlé. Ó ti téèpù bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó tẹ àṣẹ pé kó ká padà síbẹ̀rẹ̀, kó fo ọjọ́ mẹ́ta, kó sì ka orúkọ inú èyí tó kàn, báyìí:

mt -f /dev/nst0 rewind
mt -f /dev/nst0 fsf 3
tar tvf /dev/nst0

Téèpù yí, ó dúró, ó tún yí. Lẹ́yìn náà ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Àádọ́rin orúkọ ó lé kan, èsì Ọjọ́bọ̀, láìku ẹyọ kan. Orúkọ ọmọ ìyá tó gbá a létí lẹ́nu kántà wà nínú wọn.

Bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ rí ibi tí Jeffrey ti ṣi ọwọ́ lò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Kọ̀ǹpútà náà máa ń tọ́jú gbogbo àṣẹ tí èèyàn bá tẹ̀ sínú rẹ̀. Ó ṣí i. Ó rí st0, ó tún rí st0, lẹ́ẹ̀méje. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá wò ó sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i, ó sì rí nst0. Ó rí fsf 3. Ó rí i pé Jeffrey ka èsì Ọjọ́bọ̀ tán, ó kó orúkọ inú rẹ̀ sínú fáìlì kan tó pè ní list.txt, ó wá tẹ àṣẹ tí ẹ̀rọ fi ń pọ téèpù jáde. Kò fọwọ́ kàn án mọ́ láti ìgbà náà. Rùkáyátù wá fáìlì ọ̀hún lọ, ó bá a. Déètì ara rẹ̀ ni ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2003, ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí wọ́n lé e.

Ó mọ̀. Ó rí i, ó sì panu mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Rùkáyátù wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "ẹ bá mi wá ọkọ̀ tó máa gbé nǹkan yìí."

Kàmọ́rù wojú rẹ̀, ẹ̀rù bà á. "Rùká, fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ló gbé e wá sí Owódé."

Kò lọ lọ́jọ́ náà. Ó dúró di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, torí ó mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ajé ni kántà máa ń kún jù. Òun àti Kàmọ́rù gbé ẹrù náà wọlé, wọ́n gbé e kalẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì tan án. Ó sọ fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé àṣírí àwọn aláìsàn tí wọ́n tà pọ̀ mọ́ irin ni òun dá padà. Kò pẹ́ tí Mummy fi yọ, ìgò ojú lọ́wọ́.

"Rùkáyátù?"

"Ẹ káàárọ̀ mà." Ó kúnlẹ̀, ó dìde.

"Jẹ́ ká wọ inú ọ́fíìsì."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́ mà, ibí ni mo ti jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níbí."

Wọ́n pe Jeffrey. Ó ti di ọ̀gá pátápátá lẹ́ka kọ̀ǹpútà, ó ti kọ́lé sínú ẹ́sítéètì kan ní Ìṣẹ̀rì Olówóra, táì ọrùn rẹ̀ ń dán. Nígbà tó rí téèpù, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, kó tó rẹ́rìn-ín. "Mummy, téèpù àtijọ́ yẹn náà ni. There's nothing on it."

"Ẹ fi hàn wá, Ọ̀gá Jeffrey," ni Rùkáyátù wí.

Ó jókòó. Rùkáyátù kò wo ojú rẹ̀, ìka rẹ̀ ló ń wò. Ìka náà tẹ st0. Kò sí n níbẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Èsì Ọjọ́ Ajé jáde.

"Ẹ rí i báyìí? Ọjọ́ Ajé nìkan."

Rùkáyátù gba ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ àṣẹ kan náà, ó fi n kún un. Èsì Ọjọ́bọ̀ tú síta, ó sì ka orúkọ bíi mẹ́ta sókè fún Mummy kí ó tó yíjú padà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. "Mummy, ẹ má tíì bínú sí i mà. Bóyá kò mọ̀ ni. Ọ̀gá Jeffrey, àbí ẹ ò mọ̀?"

Jeffrey di ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni tó ń rì ṣe ń di okùn mú. "I swear, mi ò mọ̀! Honest mistake ni. Mummy, Ọlọ́run ń gbọ́ mi, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i!"

"Ó dáa," ni Rùkáyátù wí. "O ṣeun." Kò pè é ní ẹ mọ́.

Ó wá ṣí ìwé àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ti tọ́jú pamọ́, ó sì ń fi ìka tọ́ka sí i ní ìlà kọ̀ọ̀kan: ibi tí Jeffrey ti ṣì í ṣe, ibi tó ti ṣe é bó ṣe yẹ, ibi tó ti pọ téèpù jáde. Ó ṣí list.txt. Ó fi déètì rẹ̀ hàn. Mummy wọ ìgò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti dìde.

"Oṣù kọkànlá," ni Mummy wí. "Jeffrey, láti oṣù kọkànlá?"

Kí aago mẹ́wàá tó lù, Jeffrey ti kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Mummy di Rùkáyátù lọ́wọ́ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Rùkáyátù kọ̀. Lẹ́tà ló ní òun fẹ́, kí wọ́n kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí i, kí orúkọ Jeffrey hàn nínú rẹ̀ ketekete, kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri, kí wọ́n sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí gbogbo iléeṣẹ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti ba òun lórúkọ jẹ́. Mummy kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú. Rùkáyátù kò fi rán ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹsẹ̀ rìn pín in, kò sì fún ibikíbi láìdúró kí wọ́n kà á délẹ̀ lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá fò ó kà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ìpínrọ̀ kejì yẹn kà." Ó dùn mọ́ ọn. Kò purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dùn mọ́ òun. Iléeṣẹ́ keje tó gbé e dé ló gbà á síṣẹ́.

Nínú oṣù kẹwàá, omi odò gun orí ilẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, Jeffrey la omi náà wá, bàtà lọ́wọ́, ṣòkòtò ká dé orúnkún. Ó dúró sórí pákó ẹnu ọ̀nà.

"Sister Rùkáyátù, ẹ ṣàánú mi. Kò síbi tí mo dé tí lẹ́tà yẹn ò tíì dé ṣáájú mi. Ẹ kàn bá mi kọ ọ́ pé ẹ ti dárí jì mí. Ìyàwó mi lóyún nígbà yẹn. Wọ́n ti fún mi ní ipò yín kí n tó rí èsì náà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ṣé o sùn lálẹ́ ọjọ́ tó o rí i?"

Ó ronú. "Rárá."

"Lálẹ́ ọjọ́ kejì ńkọ́?"

Jeffrey gbé bàtà rẹ̀ sí ọwọ́ kejì.

"Rùká, jẹ́ kó wọlé, omi ti rin ín," ni Kàmọ́rù wí látinú ilé.

"Mi ò tíì dárí jì í, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè kọ ohun tí kò sí nínú mi." Ó kọjú sí Jeffrey. "Máa lọ. Gba apá ọ̀tún, kòtò wà lápá òsì."

Ó dúró títí ọkùnrin náà fi yípo igun. Kàmọ́rù wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Rùkáyátù bu ẹ̀kọ, ó jẹ ẹ́ tán, ó gbé garawa, ó sì lọ bá àwọn ará ilé kejì gbọ́n omi jáde nínú yàrá wọn.