Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Gbé Wọn Lọ

Ọdún eku lẹ́mẹ̀nì ni ọdún náà, ọdún tí àwọn eku ilẹ̀ olótùútù yìí máa ń pọ̀ bí eéṣú. Gunnvor kò tíì gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ahéré orí òkè tí ọ̀kan fi dìde sí i: eku tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, tí kò ju ìkúùkù lọ, dúdú lórí, pupa rúsúrúsú lẹ́yìn. Kò sá. Ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó ń pariwo mọ́ ìyá arúgbó náà bí ẹni tó ni ilé.

"Màmá àgbà, ó ní kí ẹ padà sílé o," ni Synne, ọmọ ọmọ rẹ̀, wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Kó lọ jókòó! Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ̀ ni mo ti ń fún wàrà níbí."

Ẹnu lásán ni. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí Gunnvor ti débẹ̀ gbẹ̀yìn. Irú ọdún báyìí ni Sjur ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ wọ adágún omi tó wà nítòsí ahéré, tí kò padà. Ìhà ìsàlẹ̀ adágún náà, níbi tó fẹ̀ tó sì jìn jù, ni wọ́n ti rí ọkọ̀ tó dojú dé. Kò sì sí ẹni tó níṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Àwọn ará abúlé ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n pé ńṣe ni àwọn eku yìí ń para wọn sómi, ni wọ́n bá ní Sjur náà bá wọn lọ. Gunnvor gbà á gbọ́. Inú bí i sí òkú náà, ó sì fẹ́ mọ̀, kí òun náà tó kú, bóyá ọkùnrin yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi òun sílẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọkọ̀ gbé iyọ̀ tí àgùntàn máa ń lá lọ sí òdìkejì adágún, bí Sjur ti máa ń ṣe. Ibi tí adágún ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù ni wọ́n ti gbéra, níbi òrùka irin tí Sjur fi ń so ọkọ̀. Omi pa rọ́rọ́. Àwọn eku ti kún orí àpáta, wọ́n ń wọ omi.

"Wọ́n fẹ́ kú nìyẹn?" ni Synne béèrè.

"Ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn."

Ṣùgbọ́n òdìkejì ni gbogbo wọn kọ orí sí. Ọ̀kan gun àjẹ̀ Gunnvor, ó sinmi díẹ̀, ó bú u dáadáa, ó sì bọ́ padà sómi. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, àwọn tó ṣáájú ti gbọn omi ara nù, wọ́n ti dojú kọ koríko.

"Oúnjẹ ni wọ́n ń wá o, Màmá! Ẹ wo bí èyí ṣe ń jẹ, àfi bí ẹni tó gbààwẹ̀."

Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ já wá láti orí òkè bó ṣe máa ń ṣe. Ìgbì bo àwọn eku tó wà láàárín, ó sì gbá wọn lọ sí ìhà ìsàlẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, Gunnvor ní kí Synne wa ọkọ̀ gba ìhà ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú àwọn eku náà, nínú koríko etí omi.

"Ṣùgbọ́n ibí kọ́ ni wọ́n ń bọ̀," ni Synne wí.

"Ibí ni wọ́n ti rí ọkọ̀ bàbá àgbà rẹ."

 Synne di àjẹ̀ mú kí ọkọ̀ má baà sún.

Gunnvor ti ọwọ́ bọ omi, ó ń sunkún. "Iyọ̀ lo ń gbé lọ fún àgùntàn, Sjur. Mo mà ti bínú sí ọ pẹ́ o. Jọ̀ọ́, má bínú."