Nọ́ọ̀tì Tó Fún Jù

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, ọ́ìlì kán tó, ó tún kán tó, láti abẹ́ sikútà nọ́ọ̀sì sórí símẹ́ńtì tí Ọ̀gá Pinpin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyí tí sikútà yìí máa padà wá nítorí jíjò kan náà.

Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ sókè kí mẹkáníìkì lè rí bàtà funfun rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ wo bàtà mi. Àwọn aláìsàn ti ń bi mí bóyá mo ti fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, tí mò ń ta epo."

"Ẹ má bínú. Ẹ padà wá lọ́sàn-án."

"Ọ̀sán wo? Ọ̀sán tẹ́ ẹ dá fún mi lóṣù tó kọjá ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Àbúrò yín gan-an dà? Ìyẹn máa ń gbọ́ téèyàn bá ń sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá Pinpin tẹrí ba, ó ń wá sípánà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, nọ́ọ̀sì ti lọ.

Àwọn oníbàárà ló fún un ní orúkọ Pinpin, nítorí pé kò sí nọ́ọ̀tì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fún pinpin. Ó fẹ́ràn orúkọ náà. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, nọ́ọ̀tì kan tí kò dè dáadáa bọ́ lójú ọ̀nà, ọ̀gá rẹ̀ sì mú un dúró sínú oòrùn láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì ààbọ̀. Láti ọjọ́ náà, níbi tí ẹlòmíràn bá ti ní ó tó, òun á tún fara ti sípánà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọdún mọ́kànlá ni àbúrò rẹ̀ fi bá a ṣiṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, nígbà tí nọ́ọ̀sì ti sikútà dé nínú òjò, Ọ̀gá Pinpin dojú kọ àbúrò rẹ̀ níwájú oníbàárà mẹ́fà.

"Ṣé o de kabúrétọ̀ yìí rárá? Ọwọ́ ọ̀lẹ ni ọwọ́ rẹ."

"Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe pé kò fún. Ó fún jù ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

"Ó dáa. Máa lọ síbi tí wọn kì í ti í de nọ́ọ̀tì."

Àbúrò nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ. Ní báyìí, ó ti ríṣẹ́ sí ìlú kan tó jìnnà tó ìrìn ọjọ́ méjì. Òní ni yóò gbéra. Ó ti ránṣẹ́ pé òun á yà wá kó irinṣẹ́ òun.

Ọ̀gá Pinpin tú kabúrétọ̀, ibi tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó fi bẹntiróò fọ̀ ọ́. Ó wo gásíkẹ́ẹ̀tì, páálí tín-ínrín tó yẹ kó dí àárín àwọn méjèèjì. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí nọ́ọ̀tì wà, páálí náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé inú ìwé. Àárín rẹ̀ nípọn bí ọjọ́ tí wọ́n gé e, ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo sikútà sì ti rin ín gbingbin. Ó gbé ẹnu kabúrétọ̀ lé dígí, ó gbé e sójú oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Irin náà ti tẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń fún un tó ni àárín rẹ̀ ń là tó. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ọwọ́ kan ṣoṣo ló lágbára bẹ́ẹ̀.

Ẹyin lohùn, ó sọ sínú ara rẹ̀, kò sì sí sípánà tí wọ́n fi ń de ẹyin tó ti fọ́. Ó tẹ́ sáńpépà sórí dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu kabúrétọ̀ ha á, yípo, yípo, kó lè tẹ́jú padà.

Ẹnu èyí ló wà tí àbúrò rẹ̀ fi dé, nínú aṣọ tí wọ́n lọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bọ̀ọ̀dá mi."

"Káàárọ̀. O ti múra."

"Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni ọkọ̀ máa gbéra." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó rí dígí àti sáńpépà. Ó dúró. "Ó ti tẹ̀, àbí?"

Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu Ọ̀gá Pinpin. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, tí sikútà sì tún jò ńkọ́? Kó kọ́kọ́ gbẹ ná. Bó bá ti gbẹ, ọ̀rọ̀ á ríbi dúró lé.

"Jẹ́ ká wò ó ná," ló wí.

Àbúrò jókòó lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Kò wo kabúrétọ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò.

"Ìyàwó yín ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ bá mi kí i."

Ọ̀gá Pinpin gé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó gbé kabúrétọ̀ padà sáyè, ó ń de nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún, tòsì. Nígbà tí sípánà dúró, èjìká rẹ̀ fẹ́ fara tì í. Ó fà á sẹ́yìn.

"Ó tó," ló wí, bí ẹni ń bá nọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀.

Àbúrò dúró díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù. Ó dìde.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ó yá mi."

"Dúró kó gbóná. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Ọkọ̀ kì í dúró de kabúrétọ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé àpótí lé èjìká.

Ọ̀gá Pinpin ta sikútà jí, ó fi í sílẹ̀ kó máa dún. Ó fi aṣọ funfun nu abẹ́ kabúrétọ̀: ó mọ́. Ó dúró, ó tún nù ún: ó mọ́. Ìgbà tó nù ún lẹ́ẹ̀kẹta ló tó gùn ún, ó sáré lọ sí gáréèjì ọkọ̀ èrò.

Àyè ọkọ̀ náà ti ṣófo. Akọ̀wé gáréèjì ń ká ìwé rẹ̀ pọ̀.

"Ọkọ̀ yẹn? Wọ́n ti lọ. Ọkùnrin kan tó gbé àpótí tiẹ̀ bẹ̀ wá pé ká dúró, ó ní bóyá ẹ̀gbọ́n òun á wá. A fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ọ̀gá Pinpin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó gbẹ. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ jókòó sórí àpótí yẹn, kì í ṣe sikútà ló ń dúró dè.

Àbúrò kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bí lé e. Ó ti lọ, kò sì padà wá mọ́ láti ọjọ́ náà.