Imú Bàbá àti Omi Tí Kì Í Rùn

Níbi tí a ti ń ṣe bébà, kò sẹ́ni tó ń pe bàbá mi lórúkọ. Onímú ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n se igi wẹ́wẹ́ àti pòròpórò nínú ìkòkò irin ńlá títí yóò fi tú di fọ́nrán. Wọ́n á fa ooru tó ń jáde símú lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á ní, "Ó ti jinná. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀." Kì í sì í yẹ̀. Ọdún kọkànlélógún rèé tí wọ́n ti ń fi imú yìí yan fanda.

Èmi ni mo kó wàhálà dé. Omi tí a fi ń se igi ní imí ọjọ́ nínú, ó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ó sì ń pa ẹja inú odò tó wà lẹ́yìn wa. Mo bá po omi tuntun látinú èròjà kíkan tí wọ́n ń fà yọ lára àgbàdo. Kì í rùn, a sì lè sẹ́ ẹ kí a tún un lò. Ọ̀gá ní kí a dán an wò lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá fajú ro. "Omi tí kì í rùn, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó jinná? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Àkísà yẹn náà ló ń rùn, Bàbá."

Gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá. Bí omi mi bá wọlé, kí la tún fẹ́ fi Onímú ṣe? Ọ̀gá tiẹ̀ ti ń sọ ọ́ ṣeré pé ẹnu géètì ni Bàbá yóò máa jókòó sí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Bàbá ro ìkòkò náà fún wákàtí mẹ́ta. Wọ́n á yọ fọ́nrán díẹ̀, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n á jù ú nù. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa imú.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Òórùn ẹ̀ ti yí padà."

Òórùn wo? Èmi tí mo po omi náà mọ̀ pé kò sí òórùn kankan nínú ẹ̀. Mo la ẹnu kí n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá rí ojú wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé Onímú kì í gbọ́ òórùn.

"Òótọ́ ni, Bàbá," ni mo sọ. "Èmi náà gbọ́ ọ."

Ọ̀gá sáré wá, ó fa imú fìn-ìn. "Ẹn-ẹ́n! Òun nìyẹn! Ó ti dé imú mi báyìí."

Díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. A ṣí ìkòkò: gbogbo ẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ọ̀gá bọ Bàbá lọ́wọ́, ó ní omi tuntun ti wọlé, àti pé Onímú ò ní kúrò nídìí ìkòkò.

Níbi tí a ti ń fọwọ́, Bàbá ò wojú mi. "Ọdún kẹsàn-án rèé," ni wọ́n sọ. "Imí ọjọ́ inú omi àtijọ́ yẹn ló ba imú mi jẹ́. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n."

"Ẹ fi kọ́ èmi náà."

Wọ́n mi orí pé àwọn gbà. Wọ́n wá ní, "Nígbà tí mo ṣì ń gbọ́ òórùn, mo máa ń wẹ̀ títí òórùn iṣẹ́ yìí á fi lọ lára mi. Ṣé ó ṣì ń bá mi délé?"

Ó wù mí kí n fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n àánú wọn ṣe mí, mo bá sọ òótọ́. "Ó ń bá yín délé, Bàbá. Ó ń rùn gan-an."

Wọ́n pa ẹ̀rọ omi.

"Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ìyá ẹ ti ń kọjú sógiri sùn," ni wọ́n sọ. "Mo ṣe bí inú ló ń bí i sí mi."