Àyè Ẹnì Kan Tó Kù

…àyè ẹnì kan ló kù, mi ò sì ní sọ nǹkan kan. Kí n máa gun òkè mi lọ. Orúnkún ń ro mí, mi ò mí délẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ yìí sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Olúmọ tí mo ti ń gùn láti kékeré, òun ni wọ́n kó ogójì èèyàn wá gùn lónìí, nítorí ojú àwọn aláìní. Kí ni gígun òkè fẹ́ ṣe fún ojú? Wọ́n ní báyé bá ń wò wá lórí fóònù, wọ́n á dáwó iṣẹ́ abẹ. Ó dáa. Kí wọ́n ya fọ́tò mi dáadáa.

"Alàájì, ẹ rọra o." Alàájì wo? Bàbá mi ló lọ Mẹ́kà. Èmi Jẹ̀lílì jogún orúkọ náà ni, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Ìtòkú. Àdìrẹ tí gbogbo wọn so mọ́rùn yìí, èmi ni mo fi tọrẹ. Ògidì aró, kì í ṣe ayédèrú tó ti ba ọjà wa jẹ́. Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọbìnrin tó ń ṣáájú wọn, dúpẹ́ nísàlẹ̀ títí orí mi fi wú. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó ku àyè ẹnì kan. Tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀, a ó pa ìwé orúkọ àwọn tá a máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún dé." Kò wojú mi. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó mọ ẹni tó ni àyè yẹn.

Ìyá mi ni. Bùsírátù aláró, tó fi ogójì ọdún rẹ aṣọ ní Kẹ́mta. Nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Imú ló fi ń mọ̀ báyìí bí aró bá ti dára. Lánàá… "Jẹ̀lílì, ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" Wọ́n ti kírun Alásárì nígbà náà. Mo ní ó ti mọ́, Màmá.

Saidat ìyàwó mi ló lọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìbi mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Nílé wa, sàráà máa ń jáde ni, kì í wọlé. Báwo ni màá ṣe jókòó ní mọ́ṣáláṣí kí wọ́n máa wí pé àánú ni wọ́n fi la ojú ìyá Jẹ̀lílì? Orúkọ rere sàn ju wúrà lọ, bàbá mi máa ń wí bẹ́ẹ̀… wúrà wà lọ́wọ́ tiẹ̀ nígbà náà. Saidat bi mí, "Ìgbà wo lẹ̀yin fúnra yín wá fẹ́ la ojú wọn?" Tọ́jà bá yá. "Ọjà ò yá láti Ààwẹ̀ èṣí." Mo bínú jáde fún obìnrin náà.

Màmá ò tilẹ̀ bínú. "Ó dáa, ọmọ mi. Ìwọ lo mọ ohun tó yẹ ilé." Ká ní ó bínú ni —

Ibi tóóró rèé, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Abẹ́ òkúta yìí làwọn baba wa sá sí nígbà ogun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ilé òun lórúkọ ju kí òkúta fi òun pamọ́ lọ… Kí ló gbé ìyẹn wá sí mi lọ́kàn? Kí n máa lọ.

A ti dókè. Òrùlé páànù lọ súà, odò Ògùn ń dán lọ́hùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń rí kedere. Àwọn ọmọ ń ya fọ́tò, èmi náà rẹ́rìn-ín sí i. Kí ni Moyọ̀sọ́rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sínú fóònù yẹn? "Àwọn tí kò lẹ́ni la torí wọn gun òkè yìí." Mo mi orí, bí ẹni rere. Àwọn tí kò lẹ́ni… Àwọn yẹn á ríran lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá tèmi lẹ́ni. Èmi ló ní. Ká ní kò ní mi ni, ojú rẹ̀ ì bá là.