Ọjọ́ tí Ariwo Mọ́tò Mi Bínú Jáde

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi àga yín sún mọ́ mi díẹ̀. Lóru àná, lẹ́yìn tí mo ti gbàdúrà, tí mo ti dárúkọ àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, mo lá àlá kan. Títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí. Bàbá Fọláwiyọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ ṣáà mọ mọ́tò mi. Ẹ máa ń gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó sì tà á fún mi ti lò ó gbó kí n tó rà á. Ẹ sì mọ̀ pé Ìyá Àwẹ̀ró, àbúrò bàbá mi, dé láti abúlé lánàá, pé òwúrọ̀ òní ni mo fẹ́ gbé e lọ sí Ọ̀fà, kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìyá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ oríkì ilé wa délẹ̀. Bàbá mi kú kí n tó gbọ́n, n kò mọ̀ ju ìlà méjì lọ. Ìyá ti ṣèlérí pé bí a bá ti ń lọ, òun á kì mí láti ibi tí ilé wa ti ṣẹ̀ wá, torí pé òun ò ní padà wá síhìn-ín mọ́.

Àmọ́ nígbà tí mo lọ gbé e ní ibùdókọ̀ lánàá, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí lójú ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ti di tín-ín-rín. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ ni "ọmọ". Ọmọ ta ni? Ọmọ kí ni? Mọ́tò ti gbé ìyókù mì. Mo kàn ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́. Èrò yẹn ni mo gbé sùn.

Nínú àlá náà, mo jáde sí pálọ̀, mo bá mọ́tò mi níbẹ̀. Ó jókòó sórí àga, ó fi táyà kan lé èkejì, ó ń mu ògì. Ohun tó kàn dùn mí ni pé ṣíbí tí ìyàwó mi fi ń ṣe àlejò ló mú.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi," ó wí. "Ẹ múra. Wọ́n ń pè wá ní ọ́fíìsì nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi."

"Ọ́fíìsì wo?"

"Ọ́fíìsì Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ẹ bojú wòkè."

Mo yọ orí lójú fèrèsé. Háà! Ọ́fíìsì kan léfòó sókè orí igi ọ̀pẹ bí ewé ṣe ń léfòó lórí omi. Wọ́n fi okùn ìfami so ó mọ́ kànga wa kó má baà fò lọ. Mo ní, "Ó dáa, jẹ́ kí n wọ bàtà." A di okùn náà mú, kànga bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá lọ sókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bèèrè pé kí la jẹ lálẹ́ àná tí a fi wúwo tó báyìí.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan. Ó wọ kóòtù, ó so táì. Ó gbé etí lé mọ́tò láyà bíi dókítà, ó mi orí.

"Ariwo mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀," ó wí. "Ti ẹ́ńjìnnì, ti táyà tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, ti afẹ́fẹ́ tó ń gba etí ilẹ̀kùn, àti ti páànù tó ń gbọ̀n. Awọ òkè òkun la máa fi bò ó láti orí dé ẹsẹ̀."

Ó wá sọ iye tí awọ náà jẹ́. Ẹ̀yin ará, iye náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde. Àwọn akọ̀wé méjì ní láti yọ ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí i gbé síta.

"N kò ní i, ọ̀gá," mo wí. "Ìyá Àwẹ̀ró sì ń dúró dè mí. Ṣé kò sí èyí tí ẹni bíi tèmi lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni?"

Bí mo ṣe bi í báyìí ni irùngbọ̀n hù ní àgbọ̀n rẹ̀, ìwo méjì yọ lórí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fa ìwé tó kọ orúkọ mi sí látorí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ẹnu yà mí púpọ̀. Kì í ṣe nítorí pé ó di òbúkọ o. Ohun tí èmi ò rí rí ni pé kí àgbàlagbà máa jẹun níwájú àlejò, kó má sọ pé "Ẹ wá bá mi jẹ ẹ́."

"Ní báyìí tí mo ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọba, mo lè sọ òótọ́ fún yín," òbúkọ wí. "Mẹ̀ẹ́. Ẹ padà sílé. Ẹ wá ohun tó wúwo fún páànù, ohun tó nípọn fún ilẹ̀, àti rọ́bà fún etí ilẹ̀kùn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan gbogbo ara mọ́tò. Ibi tó bá dún bí agolo òfìfo, ibẹ̀ ni ariwo ń sùn sí."

"Páálí tí wọ́n fi ń kó ẹyin ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ló ní ó dára."

Páálí ẹyin kan wà lórí tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí sínú ọ̀ràn tí n kò mọ̀dí. Ẹyin ni mo mọ̀ ọ́n gbé. Ariwo á gba ara mi kọjá, kò tiẹ̀ ní kí mi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì náà wá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dà wá sínú àgbàlá ilé wa bí ìgbà tí èèyàn da omi nù.

Kápẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ló kọ́kọ́ jáde wá pàdé mi. "Ogún ọdún ni orúnkún yín ti ń lù mí," ó wí. "Ẹ ti sunkún lé mi lórí, ẹ ti ké 'Olúwa' lé mi lórí títí ohùn yín fi há. Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi rí?"

Òótọ́ ni. Omi bọ́ lójú mi. Kápẹ́ẹ̀tì wọnú mọ́tò, ó tẹ́ ara rẹ̀ síbi tí à ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń tún títì ṣe ti ṣáájú rẹ̀ da ara rẹ̀ sórí páànù ilẹ̀. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ya ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń wọnú ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti fi ọdún mẹ́wàá gbọ́ ìhanrun mi, pé ti mọ́tò ò lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíúbù kẹ̀kẹ́ kan tó ti bẹ́ la ara rẹ̀ gígùn, ó fi ara mọ́ etí ilẹ̀kùn yíká. N kò ná kọ́bọ̀.

Àwọn ariwo ò ríbi gbé mọ́. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó sórí ẹní kan lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹbí tó wá gbọ́ ẹjọ́. Mo wá rò ó pé ẹni tó ti bá èèyàn gbé fún ọdún mẹ́tàdínlógún, a kì í lé e bí adìyẹ. Oríkì ni mo fẹ́ fi sìn wọ́n sọ́nà. Ariwo páànù ló ń sọ̀rọ̀ jù, òun ni mo bá bẹ̀rẹ̀ lé lórí:

Páànù Agbọ̀n,
a-gbọ̀n-rìrì-láìní-ibà,
o kọjá lórí kòtò, ọmọ ọwọ́ jí,
o kọjá lórí títì, arúgbó bú ọ.

N kò tíì mí tí àgbàlagbà kan fi dìde. Epo ti sọ fìlà rẹ̀ di dúdú. Ariwo ẹ́ńjìnnì ni.

"Àdìgún," ó wí, "ta ni àgbà níbí?"

Mo tẹríba. "Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ta lo kọ́kọ́ kì?"

Mo nawọ́ sí páànù. Èmi tí wọ́n tọ́ nílé!

"Páànù!" ó pariwo. "Páànù tí ìdè rẹ̀ tú níjọ́sí! Òun lo kì níṣojú mi, tí mo jókòó bí ẹrù!"

Páànù fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ dákun, n kò rò ó dáadáa ni."

"Ó dáa. Ṣebí ìdákẹ́jẹ́ lo fẹ́? Gbà á." Ó fa ẹní yọ lábẹ́ àwọn yòókù, ó kó gbogbo ohùn tó wà láyé sínú rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sí abíyá, ó ń lọ.

Ẹ̀yin ará! Àkùkọ la ẹnu, kò sí nǹkan. Ìyàwó mi yọjú, ó ń bú mi; mo mọ̀ pé èébú ni nítorí ọwọ́ tó ń jù, àmọ́ kò sí nǹkan. Díẹ̀ ló kù kí n dúpẹ́. Àfi ìgbà tí mo wo inú mọ́tò. Ìyá Àwẹ̀ró jókòó síbẹ̀, ó di ojú, ó ń kì mí. Ètè rẹ̀ ń lọ sókè sódò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí i pé ó ti dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, ibi tí mo ti ń wá láti kékeré. N kò gbọ́ kódà "ọmọ" kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lánàá.

Mo sáré tẹ̀lé bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. N kò ní ohùn, ètè lásán ni mo fi kì í:

Àgbà tó ń mu epo bí ẹni mu omi,
a-wúkọ́-kí-oòrùn-tó-là,
o gbé aboyún délé ìwòsàn kí ọmọ tó bọ́,
o gbé òkú ìyá mi délé, o kò kú lójú ọ̀nà.
O ké, a mọ̀ pé ẹni wa ń bọ̀.

Ó dúró. Ó tú ẹnu ẹní náà díẹ̀, ohùn mi yọ jáde, ó padà sí mi lọ́fun.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni, bàbá."

"Ó dùn. Wá ki ara rẹ, kí n gbọ́."

Mo la ẹnu. "Àdìgún, ọmọ..."

"Ọmọ kí ni?"

"N kò mọ̀, bàbá."

Gbogbo ariwo dìde dúró. Òbúkọ tó so táì tu ìwé dànù lẹ́nu. Bàbá náà ṣí fìlà lórí.

"Ó mọ oríkì mọ́tò," ó wí, "kò mọ ti ilé bàbá rẹ̀!"

Ẹní bọ́ lábíyá rẹ̀, gbogbo ohùn ayé sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ta jí. Ìka mi ń kan ògiri yàrá, kò, kò, kò. Ìyàwó mi ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ki òwú bọ etí méjèèjì.

"Bàbá Tanímọ̀wò, ta ni ẹ ti ń kì láti ìdájí?"

"Ẹ́ńjìnnì ni."

Ó yọ òwú kan bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún dá a padà.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo wá ọ̀bẹ, mo wá fóòmù, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, mo sáré jáde. Ìyá Àwẹ̀ró ti jókòó sí àga iwájú nínú mọ́tò, ẹrù rẹ̀ wà lórí itan.

"Ìyá, ẹ ṣe sùúrù fún mi díẹ̀," mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n ki nǹkan sínú ilẹ̀kùn yìí, kí n lè máa gbọ́ yín lójú ọ̀nà."

Ó na ọwọ́, ó di etí aṣọ mi mú. Àgbàlá dákẹ́ rọ́rọ́.

"Àdìgún," ó wí, "fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sápò, kí o wá jókòó tì mí."