Àwòrán Tó Gba Èèyàn Méjì

“Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n! Igun rẹ̀ fẹ́ gbá ògiri.”

Ládélé dúró. Orí àtẹ̀gùn tóóró ní ilé ìyá àgbà òyìnbó kan ní Marks Gate ni wọ́n wà, òun lókè, Haneef nísàlẹ̀, àwòrán ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró kùn wà láàárín wọn. Ìyá náà ti fi ta gbọ̀ngàn kan lọ́rẹ ní Barking. Ẹni tí Ládélé máa ń bá kẹ́rù ló ṣàìsàn. Nínú gbogbo ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ àbúrò rẹ̀ ni wọ́n rán wá dípò.

Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, láti ìgbà tí Haneef àti Adékẹ́mi, àbúrò Ládélé, ti lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá Ládélé ti dárí jì wọ́n. “Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́,” ni ìyá wí. Ládélé kọ etí dídi sí i.

Wọ́n sọ àwòrán náà kalẹ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n lè mí. Ìyá àgbà fọwọ́ pa férémù rẹ̀ bí ẹni ń dágbére fún un.

“Ìtàn Róòmù àtijọ́ ni. Àwọn wọ̀nyí jí ọmọbìnrin aládùúgbò wọn gbé níyàwó. Bàbá àti ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ náà wá gbógun tì wọ́n.”

“Ó tọ́ sí wọn,” Ládélé fi Yorùbá sọ ọ́.

Haneef wolẹ̀.

Ìyá àgbà nawọ́ sí àárín àwòrán, níbi tí obìnrin kan ti na apá méjèèjì láàárín idà àti idà, tí ọmọ kékeré di etí aṣọ rẹ̀ mú. “Ọkọ rẹ̀ nìyí, bàbá rẹ̀ nìyẹn. Èyíkéyìí tó bá kú, òun ni yóò sunkún.”

Ládélé tẹjú mọ́ ọmọ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀ dáadáa.

“Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ wa ti ń rìn, ẹ̀gbọ́n,” Haneef sọ jẹ́jẹ́.

“Láti ìgbà wo?”

“Sọ́ńdè tó kọjá. Fọ́tò yín ló gbé kiri ilé, ó ń pè é ní Bọ̀dá.”

“Fọ́tò mi? Nílé yín?”

“Adékẹ́mi ló gbé e sórí tábìlì lọ́jọ́ tí a kó wọlé.”

Ládélé tún di igun àwòrán náà mú. “Bá a bá já eléyìí sílẹ̀ ní Barking, ṣé ó máa ti sùn?”

“Ó máa dúró dè yín.”

Ọdún méjì gbáko ló fi sá fún ilé náà. Kò mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni òun wà níbẹ̀.